Eyín Iwájú Àǹtí Morọ́lá

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà kọjá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ máa rò pé ogójì táyà ló ń jò lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe táyà. Morọ́lá Babáṣọlá ló ń kọ́ wọn ní lẹ́tà f. "Ẹ fi eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀," ni yóò wí, "ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn síta." Gbogbo kíláàsì á sì fẹ́ ẹ, tòun ti itọ́.

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìdànrè ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ yàrá àwọn olùkọ́, gbogbo èèyàn á máa wo ojú rẹ̀ láti mọ ohun tó tún fẹ́ dán wò. Òun ló sọ fún olùkọ́ tuntun kan nígbà kan pé etí ọ̀gá ilé ìwé di díẹ̀, tó tún lọ sọ fún ọ̀gá pé etí olùkọ́ tuntun ló di. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ń pariwo mọ́ ara wọn, tí Morọ́lá jókòó sáàárín wọn, tó ń rọra máàkì ìwé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí òun náà lọ́dún tó kọjá, kókóró ló fà á. Kókóró jíjẹ ni mò ń wí, ìpápánu tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe, tí wọ́n lọ́, tí wọ́n sì dín títí ó fi le bí igi. Tẹ́ní, ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú, fi ọ̀rá kókóró kan sáàárín ẹsẹ̀, ó ń yọ ọ́ jẹ nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé. Morọ́lá gbà á. Ó ní jíjẹ nǹkan nínú kíláàsì kò dára, ó fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún wàásù lé e lórí, ó wá ti ọ̀rá náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dorí kodò, wọ́n ń kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ebi ń pa olùkọ́. Ó yọ igi kókóró kan, ó kọjú sí pátákó bí ẹni tó fẹ́ kọ ọjọ́ òní, ó sì gé e jẹ.

Nǹkan ró kàà. Inú Morọ́lá dùn, ó rò pé kókóró ló kán. Ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ lọ wo ibẹ̀ ló rí i pé ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí sílẹ̀. Kókóró ṣì wà lódindi.

Ó pẹ́ tí nǹkan ti ń ṣe eyín náà. Láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tó fi ẹnu gbá garawa níbi ẹ̀rọ omi, ni eyín ọ̀hún ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀, dókítà kan sì ti fa iṣan inú rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Eyín tó ti kú ni, ó kàn ń bá àwọn yòókù tò lórí ìlà ni.

Ó rọra yíjú padà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun àti Tẹ́ní ṣe ojú mẹ́rin.

"Àǹtí," Tẹ́ní pè é, "ṣé kókóró mi lẹ̀ ń jẹ?"

Morọ́lá mi orí pé rárá. Itọ́ pupa díẹ̀ yọ láàárín ìka rẹ̀.

"Áà! Eyín Àǹtí ti yọ!"

Gbogbo kíláàsì dìde. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà nínú wọn, torí pé bí ìdajì wọn ni kò ní eyín iwájú lóṣù yẹn. Inú wọn dùn pé olùkọ́ wọn ti wọ ẹgbẹ́. Tẹ́ní lanu, ó fi àlàfo méjì tiẹ̀ han Àǹtí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn bí ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́. Kí Àǹtí ju eyín náà sórí òrùlé, kí ó sì rí i dájú pé alángbá kankan kò rí i, torí bí alángbá bá rí i pẹ́nrẹ́n, òmíràn kò ní hù mọ́.

"Alángbá pọ̀ lẹ́yìn ṣáláńgá," ọmọ kan kìlọ̀. "Ẹ má gba ibẹ̀ o."

Morọ́lá fi bébà wé eyín rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó fi ọwọ́ júwe fún wọn pé kí wọ́n jókòó.

Nígbà tó dé yàrá àwọn olùkọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Mo ń gba ààwẹ̀ ọ̀rọ̀, ọjọ́ mẹ́ta," ó sì gbé e síwájú ara rẹ̀. Àwọn olùkọ́ wo ara wọn. Ọ̀gá ilé ìwé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Olúwa, bí ó bá wù Ọ́, sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta."

Ailegun ni Morọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Olúmúyìwá lorúkọ ọkọ náà, ọmọ Èkìtì, òun ló ń bójú tó ilé ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà ní Ìsọlọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bá Morọ́lá gbé fún ọgbọ̀n ọdún tí kò ní kọ́ ọgbọ́n. Nígbà tó wọlé tó kí ìyàwó rẹ̀, tí ìyẹn kàn mi orí, ó ti mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Kò béèrè. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní:

"Ìyá Lará, mo mà ti ta fíríìjì wa o."

"Fíríìjì wo?"

Súfèé ló jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Olúmúyìwá rẹ́rìn-ín títí tó fi di apá àga mú. Ó ní kò sí ohun tó ṣe fíríìjì, kí ó ṣáà tún un pè. Morọ́lá ní òun ò pe nǹkan kan. Ọkọ wá tan iná fóònù sí i lẹ́nu, ó wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Kí ló gbé e lọ?"

"Mo ṣubú ni," Morọ́lá dáhùn, ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bá Lateefah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bọ́ládé. Bàtà obìnrin ni Lateefah ń tà níbẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, kò sì sí àìsàn kan láyé tí kò mọ ẹni tó ṣe rí. Bí Morọ́lá ṣe la ẹnu báyìí, Lateefah ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Eyín gbígbìn ni kí ẹ ṣe, Ìyá Lará. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ṣe é. Inú egungun ni wọ́n ń gbìn ín sí. Egungun ẹran ló ń fi í rún báyìí!"

"Èló ni?"

Lateefah ní òun ò béèrè iye tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó ló ń dà á láàmú, ọkùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Apakun tó máa ń lẹ eyín mọ́ èèyàn lẹ́nu ní ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí Morọ́lá ń lọ sílé, ó gba Apakun. Ó bá ọkùnrin náà lórí ìjókòó. Eyín kún inú ìgò kan níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tún okùn bàtà ara rẹ̀ ṣe. Morọ́lá kí i, ó béèrè ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ọ̀nà tó ti mọ̀ láti ogún ọdún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ló rántí inṣọ́ránsì. Ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ máa ń san owó inṣọ́ránsì ìlera fún òṣìṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀. Káàdì wà, ìwé pélébé kan náà wà pẹ̀lú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Morọ́lá ṣí i. Ó rí "ìtọ́jú eyín" níbẹ̀, ó fò sókè. Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, wọ́n kọ́kọ́ fi orin dá a lóhùn fún ìgbà pípẹ́, kí ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan tó jáde.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ṣẹ́gunfúnmi lorúkọ mi. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

"Ọmọ mi, eyín mi kan ló kán. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbin òmíràn."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Màmá, káàdì yín máa jẹ́ kí dókítà yẹ eyín yín wò. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí eyín méjì bá lu, wọ́n á dí wọn. Èyí tí kò bá dáa mọ́, wọ́n á yọ ọ́."

"Ìyẹn ni pé ẹ máa sanwó kí wọ́n yọ eyín mi, ẹ ò sì ní sanwó kí wọ́n dá a padà?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Màmá. Wọ́n ka eyín gbígbìn sí ọ̀ṣọ́ ni. Bíi kéèyàn ra yẹtí."

"Yẹtí! Ṣé yẹtí ni ìwọ fi ń jẹ ẹran nílé yín?"

"Rárá o, Màmá."

Morọ́lá ṣí ìwé pélébé náà sí ojú ewé mìíràn. Ojú rẹ̀ ti ń dán bí ìgbà tó fẹ́ dá ọ̀ràn. "Dúró ná. Mo rí i níbí pé ẹ máa ń san owó ìbímọ. Ọmọ mélòó?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"Ó dáa. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, kò sì sí inṣọ́ránsì yín nígbà yẹn. Ọmọ mẹ́rin mi ṣì wà lọ́wọ́ yín tí mi ò tíì bí, ọkọ mi ò sì ní jẹ́ kí n bí wọn mọ́. Ẹ gba ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fún mi ní eyín kan."

Morọ́lá gbọ́ ohun kan lórí fóònù tó dà bíi kí èèyàn máa gbé ẹ̀rín mì.

"Màmá, kò ṣeé pààrọ̀."

"Ó dáa, mo fi awò ojú tí ẹ fẹ́ san fún mi lọ́dún yìí kún un."

Ṣẹ́gunfúnmi ní kí ó jọ̀ọ́ dúró díẹ̀, òun fẹ́ bi ọ̀gá òun. Ó yẹ kí ó fi orin sí i, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó gbàgbé, torí Morọ́lá gbọ́ nígbà tó ń ro ẹjọ́ náà, ó sì gbọ́ nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí Màmá lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Ìsọlọ̀ tó wà lórí ìwé wọn. Gbòǹgbò eyín tó kù nínú èrìgì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa yọ ọ́, ọ̀fẹ́ náà ni àwòrán egungun àkọ́kọ́ àti fífọ eyín. Ó tún ní bí ó bá jẹ́ ìjàǹbá ló kán eyín náà, fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn lè kọ, bóyá wọ́n lè fi nǹkan díẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

"Ìjàǹbá?" Morọ́lá ní. "Mo ṣubú ni, ọmọ mi. Mo ṣubú gan-an."

Ó gba fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibi tí wọ́n ti béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ sí i dáadáa, ó fi ẹrẹ̀ sí i, ó fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òjò sí i kó tó rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ibi orúkọ ẹlẹ́rìí nìkan ló ṣófo.

Olúmúyìwá bá a lọ sí ilé ìwòsàn náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dókítà Lucy Abórìṣàdé kò lè ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ohùn rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan. Ó ní kí Morọ́lá fẹ̀yìn ti àga.

"Báwo ló ṣe kán, Màmá?"

"Mo ṣubú ni, dókítà."

Dókítà tan iná, ó yẹ ìta ẹnu wò, ó yẹ inú wò. "Ètè yín kò bó. Imú yín kò wú. Àgbọ̀n yín ò ní àpá kankan. Màmá, ilẹ̀ yẹn mọ ojú ọ̀nà o."

Olúmúyìwá gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Kókóró ni," Morọ́lá wí nígbẹ̀yìn.

"Kókóró wo?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Kókóró jíjẹ."

"Ta ló fún ọ ní kókóró?"

"Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi. Mo ní kò gbọdọ̀ jẹun ní kíláàsì."

Olúmúyìwá dìde, ó tọrọ àyè, ó jáde. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Morọ́lá fa fọ́ọ̀mù náà yọ nínú báàgì, ó ya á sí méjì. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹlẹ́rìí mi, dókítà. Òun náà ló sì ni kókóró. Kò ní gbè mí." Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ra ọ̀rá kókóró méjì fún Tẹ́ní, ó fi lé e lọ́wọ́ níbi géètì nígbà tí ilé ìwé jáde, kò sì ṣàlàyé kankan.

Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́, ó yọ gbòǹgbò tó kù. Lẹ́yìn náà ló mú bébà, ó ń ya àwòrán. Ó ní èyí tó rọrùn jù ni eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, tí èèyàn á wọ̀ láàárọ̀, tí á bọ́ lálẹ́. Ó tún ya èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ eyín ọ̀tún àti tòsì. Ó ní fún ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ha àwọn eyín méjèèjì náà kéré.

"Àwọn aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀?" Morọ́lá ní. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ó ku eyín gbígbìn. Irin kékeré kan ni, ara rẹ̀ lọ́ bíi ti ìṣó tí wọ́n ń yí. Wọ́n á yí i wọ inú egungun àgbọ̀n òkè, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí egungun lè dì í mú, kí wọ́n tó wá gbé eyín lé e lórí.

"Ṣé ẹ máa ń bu omi rin ín ni?"

"Bí ẹ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì bu omi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó lè pẹ́ gan-an," dókítà dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Morọ́lá fẹ́ràn rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ.

Ó wá kọ iye rẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Morọ́lá kà á, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà. Kò yí padà. Gbogbo ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń tù jọ láti ọdún méjì kí wọ́n lè ra sólà sórí ilé, díẹ̀ ló máa kù níbẹ̀.

"Ẹ má dá mi lóhùn lónìí," Dókítà Lucy ní. "Ẹ lọ rò ó. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ni ó bá lára mu. Mo ní láti mọ bí ṣúgà yín ṣe rí, mo ní láti fọ èrìgì yín, mo sì ní láti rí egungun yẹn dáadáa. Àwòrán ńlá tó ń fi egungun hàn yíká nìyẹn, inṣọ́ránsì ò sì ní san án."

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ọba ti lọ. Tọkọtaya jókòó ti àtùpà tí wọ́n ń gba iná sí.

"Bí a bá ra sólà, iná á máa wà," Olúmúyìwá ní. "Bí a bá ra eyín, nínú òkùnkùn yìí, ta ló máa rí i?"

"Èmi á máa fi ahọ́n rí i."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ wá rí i pé ọwọ́ ni Morọ́lá fi bo ẹnu. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rín obìnrin yìí kì í wọ inú ọwọ́, ìta ló máa ń wà. Olúmúyìwá ní:

"Ìyá Lará, bí ó bá jẹ́ ìyẹn ló wù ọ́, a ó ṣe é. Sólà kò ní sá lọ."

Láti ọjọ́ tí eyín ti kán ni Morọ́lá ti ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ti lọ dúró sẹ́yìn ọkùnrin gíga kan. Nígbà tí Lará ọmọ wọn bá pè é láti Àbújá kí wọ́n rí ara wọn lórí fóònù, ó máa ń ní kámẹ́rà òun ti bàjẹ́. Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ yẹn, pẹ̀lú súfèé.

Ó san owó àwòrán ńlá náà nínú owó oṣù rẹ̀. Kí èsì tó dé, ó ní kí Lateefah pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London, kí òun lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àárín bàtà ni wọ́n ti pè é. Obìnrin àgbà kan yọjú lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì dára lóòótọ́.

"Ó dáa, àbúrò mi, mi ò kábàámọ̀," ó sọ fún Morọ́lá. "Ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọdún kan gbáko. Mo lọ, mo bọ̀, ó rẹ̀ mí."

"Lateefah ní ẹ fi ń rún egungun."

"Egungun kẹ̀? Ẹran rírọ̀ ni mò ń jẹ. Lateefah, ìwọ ò ní jáwọ́ nínú irọ́!"

Lateefah gba fóònù rẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Èsì àyẹ̀wò ṣúgà dára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Morọ́lá ń lò kò ní dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ti egungun ni kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Lucy gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ́ ibì kan tó tín-ín-rín bíi etí bébà. Eyín tó ti kú tipẹ́ yẹn ló jẹ ẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi egungun kún un, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tó gbin irin, kí wọ́n tún dúró. Ó lé ní oṣù mẹ́wàá, owó náà á sì tún fò sókè.

"Mo tún ní ìbéèrè kan," dókítà ní. "Ṣé ẹ máa ń wa eyín pọ̀ tí ẹ bá sùn?"

"Èmi? Rárá o."

"Bíi ẹni ń lọ ata lórí ọlọ," Olúmúyìwá dáhùn láti ibi tó jókòó sí. "Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa."

Morọ́lá yíjú sí i. "O ò sọ fún mi rí!"

"Mo rò pé èmi lò ń bá jà lójú oorun."

Dókítà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń wa eyín pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mi irin náà kí egungun tó dì í mú. Kò ní kí ó má ṣe é. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun ò ní parọ́ pé ó máa rọrùn.

Morọ́lá jókòó dáadáa lórí àga. "Dókítà, bí ó bá jẹ́ pé ìyá yín ni mí ńkọ́?"

"Ìyá mi kò ní sùúrù. Mi ò ní dán an wò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, mi ò tíì mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí eyín náà máa ṣe fún yín?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó rò ó. Ó fẹ́ kọ́ ọmọ ní f láìfi itọ́ wẹ̀ wọ́n. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò sí ohun tó kan egungun ẹran nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ti fi ń jẹ ẹran láti ọdún gbọọrọ. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ pé kò sí èyí tó ní irin nínú.

"Ẹ ṣe èyí tó ṣeé yọ fún mi," ó wí. "Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí iná bá ti wà nílé, a ó tún sọ̀rọ̀ egungun."

Wọ́n fọ èrìgì rẹ̀, inṣọ́ránsì san ìyẹn. Nígbà tí ojú egbò náà jinná, wọ́n fi nǹkan rírọ̀ kan wọn ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì eyín dé. Owó rẹ̀ kò dé ibi kan lára ti gbígbìn. Ó tún gba ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò máa fi sẹ́nu sùn nítorí wíwa eyín pọ̀, Olúmúyìwá sì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ilé òun ṣe ń dákẹ́ tó.

Mi ò ní sọ pé ó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń ṣe é bíi pé ṣíbí wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀bà, ẹ̀bà gbá eyín náà mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Lẹ́tà f wá jáde dáadáa, ṣùgbọ́n s bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà, ó tún fi ọ̀sẹ̀ kan kà á sókè níwájú dígí kí ó tó bọ́ sípò. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ó padà síwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó pe Lará fúnra rẹ̀, ó ní kámẹ́rà ti dáa.

Ìwà rẹ̀ ni kò yí padà. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pariwo, ó kọjú sí wọn, ó yọ eyín rẹ̀, ó gbé e sókè láàárín ìka méjì. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó dá a padà, ó ń kọ́ wọn lọ. Kò mọ̀ pé lásìkò ìsinmi, gbogbo wọn á lọ sábẹ́ igi lọ máa fa eyín tiwọn, pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kí wọ́n dá a padà. Ìyá mẹ́ta ló wá fi ẹjọ́ sùn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kí ó fi àdéhùn sílẹ̀ pé eyín náà kò ní jáde mọ́ ní ọgbà ilé ìwé. Morọ́lá fọwọ́ sí i.

Ti ilé kò sí nínú àdéhùn. Wọ́n ti ra sólà báyìí, iná kì í lọ mọ́ ní ilé wọn ní Ailegun, èyí sì ti sọ wọ́n di ẹni tí àlejò ń wá wò ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á wá gba iná sí fóònù, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á jẹun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ jù, Morọ́lá á rọra dìde, á gbé ife omi kan wá, á gbé e sáàárín tábìlì, níwájú àlejò. Á wá yọ eyín rẹ̀, á jù ú sínú rẹ̀, á sì tún jókòó, á fi ẹnu tó ṣí sílẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn.

Olúmúyìwá kì í dúró wo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ó máa ń ti lọ ṣí géètì.